Àlọ́ àti Amọ̀: Ìrọ̀lẹ́ Àwọn Ọmọdé ní Bwari

Ìrọ̀lẹ́ àlọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni àkókò tí àgbà ilé máa ń kó àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jọ, tí wọ́n á pàlọ́ fún wọn, tí àwọn ọmọ náà á sì fi ọwọ́ ara wọn mọ ohun kan tó jáde nínú àlọ́ náà. Kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú méjèèjì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni Yorùbá ń pàlọ́, nítorí wọn kì í pa á lọ́sàn-án. Amọ̀, ewé àti pòròpórò sì ni ohun ìṣeré ọmọdé tipẹ́tipẹ́.

Ní Bwari, ọ̀kan nínú àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní Abuja, irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì fún ìdílé Yorùbá. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ náà. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó ní 1991, òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò láti ibi gbogbo ti wá bá wọn gbé. Hausa ni ọmọ ń gbọ́ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbọ́ níléèwé. Bí wọn kò bá pàlọ́ fún un nílé, ibo ni yóò ti gbọ́ Yorùbá tó ní orin àti ègbè?

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ranni lọ́wọ́, nítorí ilẹ̀ amọ̀kòkò ni. Ibùdó ìmọ̀kòkò wà ní Ushafa, abúlé kan ní Bwari. Láàárín àwọn Gbagyi, obìnrin ló ń mọ ìkòkò: á yí amọ̀ gbọọrọgbọọrọ, á máa tò ó léra, á sì máa rìn yí ìkòkò náà ká títí yóò fi ga. Báyìí ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, ṣe kọ́ṣẹ́ kó tó wọ ibùdó ìmọ̀kòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Alángbá, àkekèé, ọ̀nì àti ẹyẹ ló fín sára ìkòkò rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ₦20, nítorí náà ọmọ lè rí i kí ọwọ́ tó kan amọ̀.

Àlọ́ àpagbè ló dára jù fún ọjọ́ orí yìí. Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá tó tọ́ àsèjẹ tí oníṣègùn sè fún Yánníbo, aya rẹ̀, tó ń wá ọmọ. Wọ́n kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń kọrin padà lọ bẹ oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ègbè orin náà, ọmọ ọdún mẹ́ta á gbè é láìṣì. Kí apàlọ́ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣù amọ̀ kan kó fi ṣe ara Ìjàpá. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbe orin, kí ọmọ lẹ amọ̀ díẹ̀ mọ́ ikùn náà. Bí ó ti ń tóbi lọ́wọ́ rẹ̀, yóò mọ̀ pé ọ̀ràn Ìjàpá ń burú sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Èékánná ni yóò fi fa ilà sí ẹ̀yìn Ìjàpá.

Kí wọ́n ṣa òkúta inú amọ̀ kí wọ́n tó pò ó. Ẹsẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ lásán á já. Omi amọ̀ ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì sá ère náà sí ibòji, nítorí oòrùn ń mú un sán. Kò pọn dandan kí wọ́n sun ún. Bí wọ́n bá da ẹ̀wà sínú ike kó lè máa dún ṣekeṣeke sí orin náà, àgbà ni kó dé e pinpin, torí ọmọdé a máa ki nǹkan bọ ẹnu àti imú.

Ó yẹ kí wọ́n pe ọmọ aládùúgbò tó ń sọ Hausa pẹ̀lú. Gizo, aláǹtakùn, ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́ Hausa, Koki sì ni aya rẹ̀. Ìyá ọmọ náà lè pa tiẹ̀. Ìṣù amọ̀ kékeré àti ọwọ̀n ìgbálẹ̀ mẹ́jọ tó fún ẹsẹ̀ Gizo, kí àwọn ọmọ sì máa kà wọ́n ní èdè méjèèjì bí wọ́n ti ń gún wọn bọ inú amọ̀.