Àbúrò bàbá já adé gbà lórí ọmọ ọdún 12! Ìyá ọba sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ ọmọkùnrin méjì pòórá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹni tó bá rò pé ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni àbúrò bàbá ti ń gba ogún mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kó wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàfin ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1483.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún náà ni Ọba Edward Kẹrin wàjà. Ẹni 40 ọdún péré ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Elizabeth Woodville, sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin méjì. Edward, dáwódù, jẹ́ ọmọ ọdún 12. Richard, àbúrò rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Ìjà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Opó olọ́mọ méjì ni Elizabeth nígbà tí ọba fẹ́ ẹ ní bòńkẹ́lẹ́ lọ́dún 1464. Nígbà tó dé ààfin, àwọn ará ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oyè ńláńlá, inú àwọn ìjòyè àtijọ́ kò sì dùn sí i. Bí ọba ti kú báyìí, ta ni yóò di ọmọ mú: ará ilé ìyá ni, àbí ará ilé bàbá?

WỌ́N JẸUN PỌ̀ LÁLẸ́, ILẸ̀ MỌ́, Ó DI Ẹ̀WỌ̀N

Ìlú Ludlow ni ọba kékeré náà wà, lọ́wọ́ Anthony Woodville, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń tọ́ ọ. Wọ́n gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ gba adé. Àbúrò bàbá ọmọ náà, tóun náà ń jẹ́ Richard, ìjòyè ńlá ti Gloucester, pàdé wọn lọ́nà. Ní Northampton, òun àti Anthony jọ jẹ, wọ́n jọ mu, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ mọ́, Richard ní kí wọ́n mú un! Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí.

Nígbà tí ìyá ọba gbọ́, òru ló kó àwọn ọmọ tó kù sá wọ ibi ààbò ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Westminster. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sá síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú un. Elizabeth mọ ibẹ̀ dáadáa. Níbẹ̀ náà ló bí Edward sí lọ́dún 1470, nígbà tí ogun lé bàbá rẹ̀ kúrò nílùú.

Wọ́n fi Richard ṣe adelé títí ọmọ yóò fi dàgbà. Wọ́n gbé ọba kékeré lọ sí Tower, odi ńlá létí odò Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnikẹ́ni ò kọ́kọ́ fura, nítorí ibẹ̀ ni ọba máa ń dé sí kó tó gba adé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ.

ÌYÁ YỌ̀ǸDA ỌMỌ KEJÌ

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, wọ́n ní ọba fẹ́ kí àbúrò òun wá bá òun ṣeré. Olórí bíṣọ́ọ̀bù Canterbury fúnra rẹ̀ wá bẹ ìyá, ó sì ṣèlérí pé mìmì kan ò ní í mi ọmọ. Àwọn ológun ti yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Kí ni kí obìnrin ṣe? Ó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, oníwàásù kan dìde ní ìta gbangba, ó ní ọmọ àlè làwọn méjèèjì. Wọ́n ní bàbá wọn ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún obìnrin mìíràn, Eleanor Butler, kó tó fẹ́ ìyá wọn. Òfin ìgbà náà ka irú ìlérí bẹ́ẹ̀ sí ìgbéyàwó. Ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ọba ti kú. Eleanor náà ti kú láti ọdún 1468!

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ni Richard gorí oyè. Ọjọ́ kẹfà oṣù keje ló dé adé. Ará Ítálì kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Dominic Mancini, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú fèrèsé làwọn èèyàn ti ń rí àwọn ọmọ náà fìrí, títí wọn ò fi rí wọn mọ́. Ó ní oníṣègùn Edward sọ pé ojoojúmọ́ lọmọ náà ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé ikú ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn nàka sí Richard, àwọn mìíràn gbè é lẹ́yìn.

Ṣé adé náà tọ́jọ́? Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ayaba bí fún Richard kú lọ́dún 1484, ayaba náà tẹ̀ lé e lọ́dún 1485. Lóṣù kẹjọ ọdún 1485, Henry Tudor bá a jagun ní Bosworth, wọ́n sì pa á. Abẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ní Leicester ni wọ́n ti hú egungun rẹ̀ jáde lọ́dún 2012.

Ìyá ńkọ́? Elizabeth ti kọ́gbọ́n. Lóṣù kẹta ọdún 1484, kó tó jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Richard ní láti búra níwájú àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ìjòyè àti olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù pé ohunkóhun ò ní í ṣe wọ́n. Ohunkóhun ò sì ṣe wọ́n. Lọ́dún 1486, àgbà nínú wọn fẹ́ Henry Tudor, ó di ayaba.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ìlérí ẹnu kò tó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ wá ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.