Iṣẹ́ Abẹ fún Ìsanrajù: Èwo Ni Ẹ Lè Bá Gbé?

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ará ilé gbogbo, ẹni tí ó bá ti ru ẹrù láti Ọjà'ba gun òkè Màpó rí mọ̀ pé òkè náà kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan kò bá lè gùn ún mọ́ láìru ẹrù kankan, tí orúnkún ń dùn ún, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìgbádùn. Ní ilẹ̀ wa, a máa ń ka sísanra sí àmì ìtọ́jú rere. Bí ó bá pọ̀ jù, àìsàn ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ tí ó ń dín ìsanrajù kù. Òtítọ́ ni. Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ oríṣi kan nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1966. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn kan ní Èkó àti Àbújá ń ṣe é. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ara yín kì í ṣe, "Èwo ni yóò tètè mú mi rù?" bí kò ṣe, "Èwo ni mo lè bá gbé títí ọjọ́ ayé mi?"

Ta ni ó tọ́ sí?

Ẹ wọn gíga yín ní mítà, kí ẹ sì sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ fi èsì náà pín ìwọ̀n ara yín ní kílò. Ìyá tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 110, yóò rí 43. Láti 30 sókè ni a ń pè ní ìsanrajù. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991 fi iṣẹ́ abẹ sí 40, tàbí 35 fún ẹni tí ìsanrajù ti dá àìsàn ńlá sí lára. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ àgbáyé sọ ọ́ di 35 fún ẹnikẹ́ni, àti 30 fún ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Fífa ọ̀rá kúrò lábẹ́ awọ nítorí ẹwà kì í ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí. Kò sì lè wo ìtọ̀ ṣúgà.

Àwọn oríṣi rẹ̀

Èkíní ni èyí tí a ń pè ní sleeve. Dókítà yóò gé nǹkan bí ìdá 3 nínú ìdá 4 àpò oúnjẹ inú ikùn kúrò. Èyí tí ó kù yóò rí tẹ́ẹ́rẹ́, oúnjẹ díẹ̀ yóò sì yó ènìyàn. Ohun tí a gé kò ṣe é dá padà mọ́.

Èkejì ni bypass. Dókítà yóò ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè ikùn, yóò sì so ó mọ́ ìfun níwájú, kí oúnjẹ lè fo apá kan ìfun kọjá. Ó le ju sleeve lọ láti ṣe, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń ran ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà lọ́wọ́ jù.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà tí wọ́n fi ń di òkè àpò oúnjẹ. Ó ṣe é yọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ ti fi í sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń yẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀, tí a sì ń padà wá yọ ọ́.

Báwo ni ẹ ó ṣe yàn?

Bí omi kíkan bá máa ń ru láti ikùn yín wá sí ọ̀fun, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé sleeve lè mú un burú sí i. Bypass ni ó sábà máa ń sàn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ kì í lè ṣe láìlo òògùn ìrora bí ibuprofen nítorí orúnkún, ẹ ronú dáadáa nípa bypass, nítorí pé òògùn bẹ́ẹ̀ lè dá egbò sí inú ikùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe bypass tí ó sì mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lè máa làágùn, kí òòyì kọ́ ọ, kí àyà rẹ̀ sì máa já.

Oríṣi yòówù kí ẹ yàn, ẹ ó máa lo fítámì, èròjà irin àti calcium, ẹ ó sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí ayé. Nítorí náà, kí ìdílé tó ta ilẹ̀ láti fi san owó iṣẹ́ abẹ, kí ó kọ́kọ́ ṣírò owó òògùn ọdọọdún. Ẹni tí kò ní lè rà á, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bímọ

Bí ara bá ti ń fúyẹ́, nǹkan oṣù tí kò wá déédéé lè padà, oyún sì lè dé láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ dúró fún oṣù 12 sí 18 kí ẹ tó lóyún, kí ebi má baà pa ọmọ inú. Ara lè má gba hóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí dáadáa lẹ́yìn bypass. Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa ọ̀nà mìíràn.

Iṣẹ́ ará ilé

Ìyá tí ó ti ń jẹ àmàlà ọpọ́n kan yóò máa jẹ òkèlè díẹ̀, yóò sì máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi dandan bù kún un. Àwọn ará àdúgbò Bẹẹrẹ tàbí Beyerunka lè máa sọ pé, "Ó mà ti rù, kí ló ń ṣe é?" Ẹ̀yin ọkọ àti ọmọ ni kí ẹ dá wọn lóhùn. Bí ibà, ìrora ikùn líle, àìlèmí dáadáa tàbí ẹsẹ̀ wíwú bá dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ojú abẹ ń jò tàbí pé ẹ̀jẹ̀ dì.

Kí ẹ tó gba ọ̀nà Èkó, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtu, tàbí ní UCH. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ, ìrìn àti òògùn ṣì lè ṣe é. Bí ó bá di iṣẹ́ abẹ, ẹ bi oníṣẹ́ abẹ náà pé mélòó ni ó ti ṣe, àti pé ta ni yóò máa tọ́jú yín nígbà tí ẹ bá padà sí Ìbàdàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.