Bí Ó Ti Yẹ Kí Irin Àtẹ Wáyà Nípọn Tó

Ní Òṣogbo ni ibùdó tí a ti ń darí iná mànàmáná káàkiri Nàìjíríà wà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú iṣẹ́ iná tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kọbi ara sí: èyíinì ni àtẹ irin tí a fi ń gbé wáyà kọ́ lára ògiri tàbí lábẹ́ òrùlé ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀rọ. Nígbà tí àwọn ará ìlú bá dá owó jọ láti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, yálà ní Òṣogbo tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibi àtẹ yìí ni agbaṣẹ́ṣe aláìṣòótọ́ ti lè rẹ́ wọn jẹ, nítorí pé bí a bá ti kùn ún ní ọ̀dà tán, irin fẹ́lẹ́ àti irin tí ó nípọn jọ ara wọn lójú.

Àtẹ tí ó fẹ́lẹ́ kì í wó lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ láàárín, títí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ yóò fi là, tí etí irin yóò sì máa ha ara wáyà. Bí awọ wáyà bá bó, tí bàbà inú rẹ̀ sì kan irin, gbogbo àtẹ náà lè máa gbé iná. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lè kú. (Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ so àtẹ irin mọ́ wáyà tí ó wọ ilẹ̀ lọ, bí ó ti wù kí irin náà nípọn tó.)

Ẹrù ni a kọ́kọ́ ń wò. Wáyà ńlá kan tí a fi irin wé lára lè wọ̀n tó kílò 4 ní mítà kan. Bí irú rẹ̀ 6 bá sùn sórí àtẹ kan, tí apá irin tí ó gbé àtẹ náà sì fi mítà 3 jìnnà sí ara wọn, kílò 72 ni ó wà láàárín apá méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì kan ààbọ̀. Wáyà gílóòbù 6 kò tó ìdá mẹ́wàá èyí.

Lẹ́yìn ẹrù ni àlàfo. Pákó tí kò mira lórí gọ́tà kékeré yóò máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀ bí a bá gbé e sórí odò. Bí a bá sọ àlàfo àárín apá méjì di ìlọ́po 2, títẹ̀ àtẹ yóò di ìlọ́po 16. Nítorí náà, ó sàn nígbà mìíràn kí a fi apá kan kún un ju kí a ra irin tí ó nípọn sí i lọ.

Fún wáyà gílóòbù àti ti fáànù, irin mìlímítà 1 sábà máa ń tó. Fún wáyà ńlá, 1.5, fún ẹrù tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ tàbí àtẹ tí ó fẹ̀ gan-an, 2. Kí a ṣọ́ra fún nọ́ḿbà géèjì, nítorí ẹ̀yìn ni ó ń kà sí. Géèjì 16 nípọn tó mìlímítà 1.5, géèjì 18 tó 1.2, géèjì 20 kò sì ju nǹkan bíi 0.9 lọ. Ẹni tí ó bá rò pé 20 ju 16 lọ yóò gba irin fẹ́lẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú lè yẹ irin wò láìní irinṣẹ́ pàtàkì. Irin pẹlẹbẹ tí ó jẹ́ mítà 1 ní gígùn àti ní ìbú, tí ó sì nípọn ní mìlímítà 1, fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀n tó kílò 8; ti mìlímítà 1.5 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn kòkó ní abúlé Ìjẹ̀ṣà yóò sọ òtítọ́, bí a bá lò ó kí a tó lu ihò sí irin náà.

Ilẹ̀ igbó àti òjò ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ìpẹtà a sì máa jẹ irin títí yóò fi fẹ́lẹ́. Nínú ilé gbígbẹ, irin tí a ti fi sínkì bò láti ilé-iṣẹ́ tó. Ní ìta, tàbí níbi tí omi ń kán sí, kí a ri àtẹ bọ inú sínkì yíyọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gé e tí a sì ti lu ihò rẹ̀, nítorí ojú ibi tí a gé ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá tún gé e níbi iṣẹ́, ọ̀dà onísínkì ni kí ó fi kun ojú rẹ̀ kí ó tó gbé e kọ́.