Kì í ṣe gbogbo ìrora ìsàlẹ̀ ikùn ni jẹ̀díjẹ̀dí

Ní Ọ̀yọ́ níbí, tí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dun obìnrin, "jẹ̀díjẹ̀dí ni" la máa ń sọ, àgbo la sì máa ń rà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó lè jẹ́ àtọ̀sí tó ti wọ ilé ọmọ: oògùn apakòkòrò ló ń wò ó, ọkọ náà sì gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Ó lè jẹ́ endometriosis, tó ń bá nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 fínra: ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síta rẹ̀. Scan lè má rí i, ṣùgbọ́n ó ní oògùn, ó ní iṣẹ́ abẹ. Ẹ kọ àwọn ọjọ́ tó ń dùn yín sórí fóònù, ẹ gbé e lọ bá dókítà àwọn obìnrin. Tó bá dé lójijì, pẹ̀lú ibà tàbí oyún, ẹ má dúró di ọ̀la.