Ìwé Nìkan Ò Tó, Ẹ Lọ Wo Ibi Tí Èròjà Ti Wá

Ẹni tó bá ní owó ṣòfò ni kí ilé-iṣẹ́ máa yẹ àwọn tó ń ta èròjà fún un wò, kó rántí "My Pikin".

Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín yìí pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Propylene glycol ló yẹ kó wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ oníṣòwò kẹ́míkà kan tí ò níwèé àṣẹ l'Ékòó ní diethylene glycol nínú, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ojú lásán ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ní 2013, Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó rán òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà méjì lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje, ó sì ní kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ká. Òfin ni mo kà, mi ò kóyán ìdájọ́ kéré. Àmọ́ ìdájọ́ kì í jí òkú.

Ṣé ilé-iṣẹ́ kékeré lówó tó máa fi yẹ gbogbo olùtajà wò? Rárá o. Ẹni tó ń ta páálí lè dúró ná. Ẹni tí èròjà ẹ̀ ń wọnú ara èèyàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá: kí wọ́n wo ìwé àṣẹ ẹ̀, kí wọ́n wo ibi tó ń kó ọjà sí, kí wọ́n bi í níbi tóun náà ti rà á. Kí wọ́n sì bu díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò kí wọ́n tó lò ó.

Ìwé tí olùtajà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, ẹnu ẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ fojú yín rí i.