Bárakú Oògùn: Dókítà Pàápàá Ń Padà Sẹ́nu Ẹ̀kọ́



Bí ìtọ̀ ṣúgà bá ń ṣe ọmọ wa, ojú kì í tì wá láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n bí tramadol bá di bárakú fún un, ńṣe la máa ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Àwọn kan á tì í mọ́ yàrá. Àwọn mìíràn á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ènìyàn. Àdúrà dára, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsàn tó ní ìtọ́jú ni bárakú jẹ́, ìtọ́jú náà sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, tí dókítà gan-an gbọ́dọ̀ kọ́.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí àlòjù oògùn pa ní ọdún 2021 nìkan lé ní 100,000. Ìdílé oògùn tí à ń pè ní opioid, tí tramadol àti codeine wà nínú rẹ̀, ló pa èyí tó pọ̀ jù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni òfin wọn ti ní kí dókítà tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti máa kọ irú oògùn báyìí fún aláìsàn, tàbí tó fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, fi hàn pé òun ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 8 lórí ìtọ́jú bárakú. Ó rí bẹ́ẹ̀ torí pé mímọ bí a ṣe ń kọ oògùn ìrora fún ènìyàn yàtọ̀ sí mímọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí ẹni náà kò bá lè fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ìwádìí àpapọ̀ ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Nínú ènìyàn 5 tó ń lò ó, ẹnì 1 ti kó sínú ìṣòro. Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ Yorùbá tiwa, ló ṣíwájú. Ní ọdún 2018 yìí kan náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lè lé oògùn kúrò lórí igbá, kò lè wo ẹni tó ti di bárakú fún sàn.

Kí ni ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ dókítà, tó yẹ kí àwa náà mọ̀?

Èkíní, kí a bi aláìsàn ní ìkọ̀kọ̀, láì bú u. Ẹni tí a bá bú á parọ́ iye tó ń lò.

Èkejì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń dá dúró lójijì. Ẹni tí ọtí tàbí diazepam ti di bárakú fún, bí a bá já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Dókítà ló mọ bí a ṣe ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oògùn wà fún bárakú opioid. Láti ọdún 2005 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fi methadone àti buprenorphine sínú àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Lábẹ́ ojú dókítà, wọ́n ń pa òùngbẹ oògùn náà, kí ènìyàn lè jẹun, kó sùn, kó kírun, kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá fi opioid sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara rẹ̀ kò lè gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí a bá tì í mọ́lé, tó jáde, tó sì lo iye àná, mímí rẹ̀ lè dúró. Ìdí nìyí tí àhámọ́ kì í fi í ṣe ìtọ́jú. Bí ẹ bá bá a tí kò ṣeé jí, tí mímí rẹ̀ sì falẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ohun tó lò. Oògùn naloxone lè dá mímí rẹ̀ padà, bó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Níbí náà, dókítà àti àwa apòògùn gbọ́dọ̀ máa kọ́ ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́ kí ìwé àṣẹ wa tó di ọ̀tun. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí ni pé kí a yan ìtọ́jú bárakú nínú ohun tí a ó kọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òbí ni pé kí ẹ máa béèrè: “Dókítà, ṣé ẹ ti kọ́ ìtọ́jú bárakú? Bí kò bá jẹ́ iṣẹ́ yín, ta ni kí a lọ bá?” Ìbéèrè yìí kì í ṣe àrífín. Abéèrè kì í ṣìnà. Ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ti Aro ní Abẹ́òkúta àti ti Yaba ní Èkó ń tọ́jú bárakú. Bí wọ́n bá sì kọ oògùn ìrora tó lágbára fún yín, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ẹ ó lò ó, kí ẹ má sì fún ará ilé ní èyí tó kù.

Ohun tó ń pa làákàyè jẹ́ èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Ṣùgbọ́n aláìsàn ní ẹ̀tọ́ lórí wa, bíbo àṣírí mùsùlùmí sì jẹ́ iṣẹ́ láádá. Nígbà tí mọ́sálásí bá tún fẹ́ ṣe ọjọ́ ìlera, kó má mọ sórí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Ẹ jẹ́ ká pe dókítà tó mọ̀ nípa bárakú, ká sì fún un ní yàrá kan tí ìdílé lè wọlé sí láìsí ẹni tó ń wo ojú wọn.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn ọmọ wa sàn, kó sì fún àwọn tó ń tọ́jú wọn ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Àmín.