Lékèélékèé, Ẹyẹ Aláṣọ Funfun tí Kò Ní Àká

Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí koríko etí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tí ọyẹ́ sì ń múra àtidé, àwọn àlejò aláṣọ funfun kan máa ń yọ sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Lékèélékèé ni wọ́n. A ó rí wọn lórí pápá ní Òkè-Ògùn, lẹ́yìn agbo màlúù ní ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí, nítòsí ọjà màlúù ní Ìbàdàn, àti lórí ààtàn láàárín ìlú ńlá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀run, wọn a máa fò lọ síbi igi tí wọ́n ń sùn sí. Tàgbà tèwe ló mọ ẹyẹ yìí lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí ó ṣe ń jẹ, bí ó ṣe ń rìnrìn àjò àti bí ó ṣe ń tọ́mọ, yóò rí i pé ayé yìí ní Olùdarí. Ẹ̀rí náà sì tó láti fi tu ọkàn tó ń dààmú nínú.

Lékèélékèé kì í ṣe ẹyẹ ńlá. Bí ó bá dúró, gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlàjì mítà lọ. Bí ó bá na apá méjèèjì, láti ṣónṣó ọ̀kan dé ṣónṣó èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju ìlàjì kílò lọ. Ọrùn rẹ̀ kúrú ju ti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń gbé etí odò, ó sì máa ń ká a kò sáàárín èjìká nígbà tó bá ń fò tàbí tó bá ń sinmi, débi pé ẹni tó wò ó lókèèrè lè rò pé kò ní ọrùn rárá. Àgógó rẹ̀ mú ṣóṣóró, àwọ̀ ìyeyè ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì dúdú díẹ̀. Nígbà tí àkókò àtiyé ẹyin bá tó, ìyẹ́ àtàrí rẹ̀, ti àyà àti ti ẹ̀yìn a yọ pupa rúsúrúsú, àgógó àti ẹsẹ̀ náà a sì pọ́n. Kì í pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi ń padà di funfun báláú.

Funfun yìí ló mú kí àwọn àgbà máa dárúkọ rẹ̀ mọ́ ti agbe àti àlùkò bí wọ́n bá ń wúre. Agbe ni wọ́n ní ó ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékèélékèé ló ni ẹfun. Kò sí èyí tó du èkejì ní tirẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí Ẹlẹ́dàá ṣe pín in fún wọn ni wọ́n ṣe gbà á. Àwọn olùsìn Ọbàtálá, tí aṣọ àlà jẹ́ tiwọn, máa ń ka ẹyẹ yìí sí ti òrìṣà wọn. Àwọn ọmọdé náà ní tiwọn. Bí ọ̀wọ́ lékèélékèé bá ń kọjá lókè, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a máa ju ìka, wọn a máa fi orin bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Ọmọ tó bá rí àmì funfun róbótó kan lórí èékánná rẹ̀ lẹ́yìn náà, ayọ̀ rẹ̀ a kún.

Ohun ìyanu ni pé ẹyẹ tó mọ́ tó báyìí kì í gbé ibi tó mọ́. Inú ẹrẹ̀, inú ìgbẹ́ màlúù àti orí ààtàn ló ti ń jẹun láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn ká wo ara rẹ̀ fínnífínní. Lábẹ́ ìyẹ́ àyà àti ti ìbàdí rẹ̀, irú ìyẹ́ kan wà tó ń hù láìdáwọ́ dúró, tí orí rẹ̀ ń rún di àtíkè lẹ́búlẹ́bú. Ẹyẹ náà a fi àgógó bu àtíkè yìí, a fi pa ìyẹ́ yòókù, gbogbo ọ̀rá àti ẹ̀gbin a sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ẹsẹ̀ sókè láti fi ya ara rẹ̀. Èékánná ìka àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun ni òòyà tó fi ń gbọn ẹ̀gbin náà dànù. Kò ra àtíkè lọ́jà, kò sì yá òòyà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ pé inú ẹrẹ̀ ni yóò ti máa jẹun ló ti pèsè ohun ìmọ́tótó sí i lára.

Ọ̀nà tó ń gbà jẹun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Lékèélékèé kò ní oko, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àká. Tata àti ẹlẹ́ńgà ló ń jẹ jù, ó sì tún ń jẹ ìrẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́, eṣinṣin àti aláǹgbá kéékèèké. Ṣùgbọ́n tata mọ̀ ọ́n sá pamọ́. Èyí tó bá dúró jẹ́ẹ́ lára ewé tútù, ojú ẹyẹ lè fò ó. Ibẹ̀ ni màlúù ti wúlò. Màlúù ń jẹko lọ ní tirẹ̀, kò ro ti ẹyẹ. Bí ó ti ń gbé pátákò, tó ń fa koríko já, bẹ́ẹ̀ ni tata ń ta jáde níwájú rẹ̀. Lékèélékèé a máa rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí nítòsí orí rẹ̀. Yóò na ọrùn, yóò máa mì ín lọ sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lórí koríko. Ká tó ṣẹ́jú, àgógó ti balẹ̀, ó ti mú tata, ó gbórí sókè, ó gbé e mì. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni yóò sáré bá màlúù rẹ̀ níbi tó dé.

Nínú agbo ńlá, màlúù kan sábà máa ń ní lékèélékèé kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ nípa ẹyẹ ti kíyè sí i, wọ́n sì rí i pé èyí tó bá màlúù rìn ń rí oúnjẹ ju èyí tó ń dá jẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn tó ń rìn kó tó rí i kò pọ̀ tó ti èkejì. Bí kò bá sí màlúù, wọn a tẹ̀ lé katakata tó ń túlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná bá ń jó pápá, wọn a péjọ sí ẹ̀bá iná náà láti mú kòkòrò tó ń sá fún un.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní Ọlọ́run ní í bá màlúù tí kò nírù lé eṣinṣin. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ẹnu wa sì ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í béèrè ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà lé e. Ẹ wo lékèélékèé lẹ́yìn màlúù. Yóò fò lé e, yóò máa ṣa eṣinṣin tó bà síbi tí ìrù kò lè dé, nígbà mìíràn yóò já eégbọn. Kì í ṣe àánú màlúù ló gbé e débẹ̀, ebi ni. Màlúù náà kò sì mọ̀ pé òun ń bọ́ ẹyẹ. Ebi ń pa ọ̀kan, eṣinṣin ń da èkejì láàmú, Ọba tó dá àwọn méjèèjì wá so àìní wọn pọ̀, ó fi ti ọ̀kan tán ti èkejì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pe ìpàdé lórí rẹ̀. Kí a tó bí wọn ni ètò náà ti wà.

Nígbà tí òjò bá tún ń padà bọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn a ṣí kúrò lọ́dọ̀ wa, wọn a gba ọ̀nà òkè lọ síhà àríwá, níbi tí òjò yóò ti sọ ilẹ̀ gbígbẹ di ọ̀dàn tútù tí kòkòrò kún inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìtẹ́. Akọ a máa ṣa igi wẹ́wẹ́ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, abo a máa tò ó. Ẹyin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló sábà ń wà nínú ìtẹ́, àwọ̀ rẹ̀ funfun tó fi díẹ̀ jọ àwọ̀ ojú ọ̀run. Takọ tabo ni í pààrọ̀ ara wọn lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 24 kí ó tó pa. Nígbà tí ẹnu àwọn ọmọ bá ya sílẹ̀ tí wọ́n ń ké fún oúnjẹ, ìgbà náà gan-an ni tata pọ̀ nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 45, ọmọ náà ti lè dá wá oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì tún dé, wọn yóò gbọ̀nà ìsàlẹ̀ bọ̀ wá bá wa. Wọn kì í di oúnjẹ lọ, wọn kì í di oúnjẹ bọ̀.

Ìrìn àjò wọn kan tún wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Nígbà àtijọ́, kò sí lékèélékèé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1877 ni wọ́n rí i níhà Suriname àti Guyana. Ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé láti Áfíríkà ló ti fò kọjá Òkun Àtìláńtíìkì, bẹ́ẹ̀ ibi tí òkun náà ti fún jù láàárín ilẹ̀ méjèèjì ju 2,500 kìlómítà lọ. Ní ọdún 1941 wọ́n rí i ní Florida, ó yé ẹyin níbẹ̀ ní 1953, nígbà tó sì fi di 1962 ó ti ń pa ọmọ ní Kánádà. Lónìí, ó ń bá màlúù rìn ní Brazil àti ní Kúbà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú ti gbé orúkọ Ọbàtálá dé ṣáájú rẹ̀. Lójú agbami, kò sí koríko, kò sí tata, kò sí ẹ̀ka igi tí ẹyẹ lè bà lé. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé òdìkejì, àwọn ará Yúróòpù ti kó màlúù lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti gé igbó di pápá. Oúnjẹ ti wà nílẹ̀ kí àlejò tó wọlé.

Ìwé Jóòbù sọ fún wa pé nígbà tí Jóòbù jókòó nínú eérú, tó ń béèrè ìdí tí ìyà fi ń jẹ òun, Ọlọ́run kò fi àlàyé dá a lóhùn. Ìṣẹ̀dá ló mú un wò: omi òkun, ìràwọ̀, ẹyẹ ìwò tí ọmọ rẹ̀ ń ké fún ebi, àṣá àti idì. Nínú Ìhìn Rere Mátíù orí 6, Jésù ní kí àwọn tó ń ṣàníyàn oúnjẹ àti aṣọ wo ẹyẹ ojú ọ̀run, tí kì í fúnrúgbìn tí kì í sì í kó jọ sínú àká. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi kọ sílẹ̀, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, fi ẹyẹ ṣe àpẹẹrẹ ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run: ó ń jáde láàárọ̀ pẹ̀lú ebi, ó sì ń padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú àyó. Ọmọ ìyá kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èkejì ń lọ mọ́ṣáláṣí lọ́pọ̀ ilé wa, ẹyẹ kan náà ni wọ́n sì ní kí àwọn méjèèjì wò.

Ẹ kíyè sí i pé ẹyẹ náà ń jáde. Lékèélékèé kì í dúró sórí igi kí tata wá bá a. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ló ti ń fò lọ, yóò sì rìn káàkiri pápá títí oòrùn yóò fi wọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jí, kó jáde, kó sì lanu. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti dá tata, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti rọ òjò tàbí láti darí ẹsẹ̀ màlúù. Àníyàn ń wọ inú wa nígbà tí a bá gbé iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́ tiwa, tí a wá ń rò ó lóru bí ẹni pé bí a bá sùn, ayé yóò dúró.

Mi ò sọ pé kò sí ìpọ́njú. Gbogbo ọmọ lékèélékèé kọ́ ló ń dàgbà. Ìjì ń já ìtẹ́ bọ́ lórí igi, ebi ń pa òmíràn, àṣá ń gbé òmíràn. Àwọn mìíràn nínú àwọn tó dágbére fún ilẹ̀ Áfíríkà yẹn yóò ti bómi òkun lọ. Ìrètí tí mò ń sọ kọ́ ni pé aburú kò ní kan wa. Ó jẹ́ pé kò sí ibi tí a lè já sí, ìbáà ṣe orí òkun, tí kì í ṣe ti Ọba kan náà, àti pé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún tí ìjì ti ń jà, kò jẹ́ kí irú ẹyẹ yìí parun.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí owó ilé ń kọ lóminú, ẹ̀yin tí owó ìwé ọmọ kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn tí ọwọ́ yín kò sì ká owó oògùn, ẹ má ṣe wo àìní yín bí ẹni pé ó dá dúró. Ìyá tó jí dín àkàrà nítorí owó ìwé ọmọ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ebi pa ọ̀dọ́ tó ń lọ wáṣẹ́. Télọ̀ tó ń du owó ilé ló rán aṣọ tí opó kan wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ tí ojú kò fi tì í. Wàhálà tó lé yín jáde láàárọ̀ yìí lè jẹ́ ọ̀nà tí Ọlọ́run fẹ́ gbà bá ẹlòmíràn lé eṣinṣin, ebi ẹlòmíràn tí ẹ kò mọ̀ rí sì lè ti gbéra báyìí, kó máa bọ̀ wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dìde sí iṣẹ́ òní, kí ẹ sì fi ọ̀la sílẹ̀ fún Ọba tó ni ín.